Bí mo ṣe mú kí Windows àti Ubuntu máa pín fáìlì lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé

Ohun tí mo ń wá kò pọ̀. Mo fẹ́ jókòó sídìí láptọ́ọ̀pù tó ń lo Windows 11, kí n ṣí fódà tó wà lórí kọ̀ǹpútà mi kejì tó ń lo Ubuntu, ìyẹn ẹ̀yà Linux kan, kí n mú àwòrán tàbí ìwé tí mo bá fẹ́ níbẹ̀, láìfi fláàṣì kó fáìlì lọ kó fáìlì bọ̀. Ráútà kan náà ni àwọn méjèèjì ń lò, íntánẹ́ẹ̀tì sì ń wọlé sórí wọn dáadáa. Samba, ètò tó ń jẹ́ kí Linux lè bá Windows pín fáìlì, ti wà lórí Ubuntu, mo sì ti tọ́ka fódà náà sí i. Síbẹ̀, bí mo bá ṣí Network lórí Windows, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Bí mo bá tẹ orúkọ kọ̀ǹpútà náà, Windows á wá a tì.

Ìmọ̀ràn tó wọ́pọ̀ lórí irú ọ̀rọ̀ báyìí ni pé kéèyàn pa firewall (ẹ̀ṣọ́ tó ń dí ohun tó fẹ́ wọ kọ̀ǹpútà lọ́wọ́), kó tan SMB1 (ẹ̀dà àtijọ́ ètò tí Windows fi ń pín fáìlì) padà, kó sì fún gbogbo ayé láṣẹ lórí fódà. Mi ò fara mọ́ ọn rárá. Bí èèyàn bá ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ tí nǹkan sì ṣiṣẹ́, kò ní mọ èwo nínú wọn ló yanjú ọ̀rọ̀, kọ̀ǹpútà rẹ̀ á sì ti wà ní gbayawu. Ìsàlẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ṣé ọ̀nà wà láàárín àwọn méjèèjì? Ṣé ilẹ̀kùn ṣí? Ṣé wọ́n mọ ẹni tó ń kànkùn? Bó bá wọlé, ṣé ó láṣẹ láti fọwọ́ kan nǹkan? Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ló ní àṣẹ tí a lè tẹ̀ láti fi rí ìdáhùn rẹ̀, mi ò sì kọjá sí èyí tó kàn àfìgbà tí ti ìṣáájú yanjú.

Àdírẹ́sì ni mo kọ́kọ́ wò. Mo tẹ `ipconfig` lórí Windows, mo tẹ `ip a` lórí Ubuntu. Ọ̀kan jẹ́ 192.168.1.14, èkejì 192.168.1.20, mask àwọn méjèèjì, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ apá àdírẹ́sì tó jẹ́ ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì, sì jẹ́ 255.255.255.0. Nọ́ńbà mẹ́ta àkọ́kọ́ bára mu, nítorí náà apá kan náà nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni wọ́n wà. Ká ní 169.254 ni ọ̀kan nínú wọn fi bẹ̀rẹ̀ ni, a jẹ́ pé kò rí àdírẹ́sì gbà lọ́wọ́ ráútà, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí Samba tó lè tún ìyẹn ṣe. Mo tún rí i dájú pé Wi-Fi ilé gan-an ni àwọn méjèèjì wà, kì í ṣe Wi-Fi àlejò. Ọ̀pọ̀ ráútà máa ń jẹ́ kí ẹ̀rọ tó wà lórí Wi-Fi àlejò dé íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ́ kó rí ẹ̀rọ mìíràn nínú ilé.

Ping, àṣẹ tí a fi ń wò bóyá ẹ̀rọ kan ń dáhùn, ló tẹ̀ lé e, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn. Láti Windows, `ping 192.168.1.20` rí èsì lójú ẹsẹ̀. Láti Ubuntu, `ping 192.168.1.14` kò rí nǹkan kan gbà. Ẹlòmíì á ti sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti bàjẹ́ lápá kan. Ẹ rò ó wò ná: nígbà tí Ubuntu dá Windows lóhùn, ìbéèrè ti lọ, èsì sì ti bọ̀. Ọ̀nà wà lálọ, ó wà lábọ̀. Windows gbọ́, ó kọ̀ láti dáhùn ni. Mo tẹ `ip neigh` lórí Ubuntu, mo sì rí 192.168.1.14 níbẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà MAC rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀rọ náà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. ARP ni àwọn ẹ̀rọ fi ń bi ara wọn pé ta ló ni àdírẹ́sì báyìí, Windows sì máa ń dáhùn ARP bí firewall rẹ̀ bá tilẹ̀ ń dí ping lọ́wọ́. Bí ping bá dákẹ́ tí MAC sì fara hàn, firewall ni kí ẹ lọ bá.

Mo wọ Settings, mo ṣí Network & internet, mo sì rí i pé Public ni Windows kọ Wi-Fi ilé wa sí. Bó ṣe máa ń ṣe sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tuntun nìyẹn, ó sì dára bẹ́ẹ̀, torí kò mọ̀ bóyá ilé lèèyàn wà tàbí pápákọ̀ òfurufú. Mo yí i sí Private, mo tan Network discovery àti File and printer sharing fún Private nìkan, ping láti Ubuntu sì rí èsì. Fódà kò tíì ṣí. Orí Ubuntu ló wà, ibẹ̀ ni mo sì gbọ́dọ̀ lọ.

SMB ni ètò tí Windows fi ń pín fáìlì. Samba ló ń jẹ́ kí Linux lè sọ èdè náà. Andrew Tridgell, ará Ọsirélíà, ló bẹ̀rẹ̀ Samba, ó sì gbé e jáde lọ́dún 1992, lẹ́yìn tó ti fara balẹ̀ wo ohun tí àwọn kọ̀ǹpútà ń sọ fún ara wọn lórí wáyà títí ètò náà fi yé e. Iṣẹ́ yẹn wú mi lórí gan-an. Lónìí, pọ́ọ̀tù TCP 445, ìyẹn ilẹ̀kùn tó ní nọ́ńbà, ni SMB ń gbà kọjá, nítorí náà mo ṣí PowerShell, ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ lórí Windows, mo tẹ:

`Test-NetConnection 192.168.1.20 -Port 445`

Ó ní PingSucceeded jẹ́ True, TcpTestSucceeded jẹ́ False. Kò sí àṣẹ tó ràn mí lọ́wọ́ tó èyí. Ìlà méjì péré, ó ti sọ pé ọ̀nà wà, ilẹ̀kùn ló tì. Nǹkan méjì ló sì lè fa ìyẹn: kò sí ẹni tó ń dúró sẹ́nu ọ̀nà, tàbí firewall ló dúró síwájú rẹ̀. Lórí Ubuntu, `systemctl status smbd` fi hàn pé Samba ń ṣiṣẹ́, `sudo ss -tlnp` sì fi hàn pé ó ń tẹ́tí sí pọ́ọ̀tù 445. Ó wá ku firewall. `sudo ufw status` sọ pé ó wà ní títàn, kò sì sí ìlà kankan fún Samba nínú rẹ̀. Mi ò pa á. Mo tẹ:

`sudo ufw allow from 192.168.1.0/24 to any app Samba`

Ohun tí èyí ń sọ ni pé ẹ̀rọ inú ilé nìkan ló láṣẹ láti dé ọ̀dọ̀ Samba. Mo padà sí PowerShell, TcpTestSucceeded ti di True.

Mo tẹ `\\192.168.1.20` sínú File Explorer, Windows sì béèrè orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù. Samba ní ìwé pásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀, kì í lo èyí tí a fi ń wọ Ubuntu. Ẹni tó fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ ní orúkọ lórí Ubuntu, kí a sì tún fi `sudo smbpasswd -a` àti orúkọ náà forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún Samba. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, Windows ṣì ń fi àwọn ohun tó ti há sórí tẹ́lẹ̀ kànkùn. `net use * /delete` gé ìsopọ̀ àtijọ́, mo yọ èyí tó wà nínú Credential Manager, níbi tí Windows ń tọ́jú pásíwọ́ọ̀dù sí, ó sì béèrè lákọ̀tun. Bí ẹ bá ń fi pásíwọ́ọ̀dù tó tọ̀nà wọlé tí Windows ń kọ̀ ọ́, ẹ wo ibẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan míì.

Fódà ṣí. Mo lè kà, mi ò lè kọ nǹkan sínú rẹ̀. Ibí yìí ló máa ń dààmú èèyàn jù, torí olùṣọ́ méjì ló wà níbẹ̀. Samba ní òfin tirẹ̀: bí a kò bá kọ `read only = no` sábẹ́ fódà nínú smb.conf, fáìlì tí òfin Samba wà, kíkà nìkan ló máa gbà. Linux náà ní òfin tirẹ̀ lórí fódà gan-an, Samba kò sì lè fún ẹnikẹ́ni ní ohun tí Linux kò fún un. `testparm` fi hàn mí pé ti Samba wà létòlétò. `ls -ld /srv/ebi` fi hàn pé root, alákòóso àgbà lórí Linux, ló ni fódà náà. Mo fi `chown` gbé e fún orúkọ tí mo fi ń wọlé, fáìlì sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi `chmod 777`, tó ń fún gbogbo èèyàn láṣẹ, yanjú èyí. Fódà tí ìwé ẹbí wà nínú rẹ̀ yẹ kó ní olówó orí.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, Network lórí Windows ṣì ṣófo, mo sì fẹ́ kí ìdí rẹ̀ yé àwọn tó ń kà á. Ọ̀nà àtijọ́ tí àwọn kọ̀ǹpútà fi ń fara hàn níbẹ̀ so mọ́ SMB1. Lóṣù Karùn-ún ọdún 2017, WannaCry, kòkòrò kọ̀ǹpútà kan, gba inú àléébù kan lára SMB1 tàn kálẹ̀ káàkiri ayé. Lọ́dún kan náà, Windows 10 ẹ̀dà 1709 dẹ́kun fífi SMB1 sórí kọ̀ǹpútà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í sí. WS-Discovery ni Windows ń lò báyìí láti mọ ẹni tó wà nítòsí, Samba kò sì gbọ́ èdè yẹn. Nítorí náà, kọ̀ǹpútà lè má sí nínú Network kó sì máa ṣiṣẹ́ láìsí ìdíwọ́. Àdírẹ́sì ni ẹlẹ́rìí tí mo gbà gbọ́. Mo fi wsdd, ètò tó gbọ́ èdè WS-Discovery, sórí Ubuntu, mo ṣí UDP 3702 àti TCP 5357 fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé nìkan, orúkọ kọ̀ǹpútà náà sì yọ. Mo tún wọ inú ráútà, mo ya 192.168.1.20 sọ́tọ̀ fún Ubuntu kí àdírẹ́sì náà má baà yí padà, mo sì so fódà náà mọ́ lẹ́tà Z lórí Windows.

Orúkọ fáìlì ló kù. Linux gba àmì bíi `:` àti `?` nínú orúkọ, Windows kò gbà wọ́n, nítorí náà Samba máa ń fi orúkọ kúkúrú kan tí àmì `~` wà nínú rẹ̀ rọ́pò wọn. Mo wá irú àwọn bẹ́ẹ̀ rí, mo sì yí orúkọ wọn padà lórí Ubuntu. Àwọn orúkọ tí mo fi àmì ohùn kọ dé láìsí ìṣòro, ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí èyí: kíbọ́ọ̀dù méjì lè kọ lẹ́tà ẹ́ ní ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà. Ojú wa kò ní rí ìyàtọ̀, kọ̀ǹpútà á sì kà wọ́n sí orúkọ méjì, tí fáìlì méjì tó jọra á fi wà nínú fódà kan náà. Kíbọ́ọ̀dù tó ń kọ lẹ́tà náà bákan náà ni mo wá fi sórí àwọn méjèèjì.