Bí ọ̀rọ̀ onídùúró ṣe dá owó tí mo fẹ́ yá dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án

₦80,000 ni wọ́n fi kún owó ẹ̀rọ ìlọta tí mo fẹ́ rà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án tí mo fi dúró de ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, ó sì ń dùn mí títí di òní, nítorí pé owó wà nílẹ̀, mo sì kájú òṣùwọ̀n láti yá a.

Ọjà Bódìjà n'Íbàdàn ni mo ti ń lọ ata. Nígbà tí ẹ̀rọ mi àtijọ́ dákẹ́ pátápátá, mo ti pinnu pé n kò ní dé ọ̀dọ̀ sọ̀gúndogójì mọ́, ẹni tó yá mi ní ₦100,000 nígbà kan, tí mo san èlé ₦10,000 fún un lóṣooṣù fún oṣù mẹ́jọ gbáko kí n tó rí ojú owó san. Nínú ẹgbẹ́ tiwa, ẹni tó bá ti dá owó fún oṣù mẹ́fà lè yá ìlọ́po méjì ohun tó ní nílẹ̀. Mo ní ₦300,000, mo sì béèrè ₦600,000, èyí tí màá dá padà ní ₦660,000 láàárín ọdún kan. Lópin ọdún, a máa ń pín nínú èlé yẹn padà fún ara wa.

Ìdúró fún ara ẹni ni ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ fi ń gbéra láti ìgbà tí òfin rẹ̀ ti jáde ní 1935, tí àwọn àgbẹ̀ kòkó fi ń yá ara wọn lówó. Kò sẹ́ni tó béèrè ìwé ilẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ọmọ ẹgbẹ́ méjì péré ló ní láti tọwọ́ bọ̀wé fún mi: ìyá aláta-rodo tí ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí tèmi, àti bọ̀ọ̀dá kan tó ń ta aṣọ.

Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù nìkan ni ìgbìmọ̀ máa ń jókòó. Lọ́jọ́ náà, akọ̀wé ṣí ìwé ńlá, ó ń fi ìka tẹ̀ lé orúkọ lọ sísàlẹ̀ títí ó fi kan ti bọ̀ọ̀dá aláṣọ, mo sì rí ìlà tí wọ́n fi gègé pupa fà sábẹ́ rẹ̀. Ó ti dúró fún ẹnìkan tí kò sanwó láti oṣù mẹ́rin, òfin wa kò sì gbà kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ tún dúró fún ẹlòmíràn. Akọ̀wé yìí kan náà ló gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ mi ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, tó lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi lọ́jọ́ náà?" Ó ní ìgbìmọ̀ ló ń yẹ onídùúró wò.

Mo rí onídùúró mìíràn kí ilẹ̀ tó ṣú, ṣùgbọ́n wọ́n ní ó di oṣù tó ń bọ̀. Nígbà tí oṣù náà pé, ẹni mẹ́ta nínú méje ló wá, nítorí pé àwọn yòókù lọ síbi ìsìnkú. Iye wọn kò tó láti fọwọ́ sí ohunkóhun. Ní gbogbo àkókò yìí, ẹ̀rọ aládùúgbò mi ni mò ń gbé ata àwọn oníbàárà mi lọ, a sì ń pín owó rẹ̀ sí méjì.

Ẹ̀rọ tí wọ́n pè ní ₦560,000 fún mi tẹ́lẹ̀ ti di ₦640,000 nígbà tí owó jáde. Mo fi ₦40,000 kún un, mo rà á, orí mi sì wú lọ́jọ́ tí mo yí i, tó dáhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá ti ní kí akọ̀wé ṣí ojú ìwé onídùúró wò kí ẹnikẹ́ni tó tọwọ́ bọ fọ́ọ̀mù mi, ǹ bá sì ti ní onídùúró kẹta nílẹ̀. Mo ti san oṣù méje báyìí. Lóṣù tó kọjá, ìyá aláta-rodo ní kí n dúró fún òun, mo sì mú un lọ bá akọ̀wé kí ó kọ́kọ́ yẹ ojú ìwé tèmi wò níṣojú àwa méjèèjì kí n tó fọwọ́ sí i.