Bí Mo Ṣe Fi Òwú àti Rọ́bà Ṣàlàyé Ẹyin Obìnrin fún Ẹ̀gbọ́n Mi

Òwú mẹ́rin ni mo tọrọ lọ́wọ́ màmá wa, pupa méjì, dúdú méjì, lára èyí tí wọ́n fi ń hun aṣọ ní Búnú. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bímọ nígbà tó pé ọmọ ọdún 42. Dókítà ní kírómósóòmù kọkànlélógún ọmọ náà, ọ̀kan lára àwọn okùn tíntín inú ara tó ń gbé àbùdá láti ọ̀dọ̀ òbí, jẹ́ mẹ́ta dípò méjì. Láti ọjọ́ náà ni àwọn èèyàn ti ń bi í pé èèwọ̀ wo ló jẹ. Bàọ́lọ́jì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní Kàbà, mo sì mọ̀ pé ẹnu lásán kò ní tó. Ó gbọ́dọ̀ fojú ara rẹ̀ rí i.

Mo tẹ́ pupa méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: kírómósóòmù kan àti ẹ̀dà rẹ̀ nìyẹn, láti ọ̀dọ̀ ìyá wa. Dúdú méjì jẹ́ ti bàbá wa. Mo fi rọ́bà kéékèèké tí wọ́n fi ń di owó ká wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀, pupa mọ́ pupa, dúdú mọ́ dúdú. Rọ́bà yẹn ni kohísìn, èròjà bí òrùka tó ń di ẹ̀dà méjèèjì mú.

Ibi tó le nìyí. Nínú ẹyin, ti ìyá àti ti bàbá a máa pààrọ̀ apá kan ara wọn. Mo gé pupa kan àti dúdú kan lójú kan náà, mo so ìdí èyí mọ́ orí ìyẹn. Rọ́bà ìsàlẹ̀ bọ́ níbi tí mo ti ń ta kókó, mi ò sì dá a padà. Bí mo ṣe fà á, pupa yọ́ kúrò lára dúdú. Mo dá rọ́bà padà, ó dúró gbọin! Rọ́bà ìsàlẹ̀ kókó ló so ti ìyá mọ́ ti bàbá. Kókó nìkan kò lè dá a ṣe.

Mo wá fi ìda bo rọ́bà àárín. Ìda náà ni Shugoshin, èròjà tó ń dáàbò bo òrùka àárín. Orúkọ yìí, lédè Jàpáánì, túmọ̀ sí ẹ̀mí tó ń ṣọ́ni. Àlùmọ́gàjí ni sẹpáréèsì, èròjà tó ń gé Rec8, ọ̀kan nínú ohun tó para pọ̀ di òrùka náà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹyin ń pín àwọn kírómósóòmù rẹ̀. Ní ìpín àkọ́kọ́, òrùka òkè àti ti ìsàlẹ̀ ló ń gé. Ti àárín ń dúró títí àtọ̀ yóò fi wọ ẹyin.

Rọ́bà tuntun kọ́ ni mo fi hàn án o. Oṣù kìíní ni mo ti so ó kọ́ ojú fèrèsé, tí ọyẹ́ àti oòrùn fi nà án fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Nínú ara, ọjọ́ orí ló ń dín kohísìn kù. Kí wọ́n tó bí obìnrin ni òrùka wọ̀nyí ti wọ ẹyin rẹ̀. Iṣẹ́ kan tí wọ́n ṣe lára eku, tó jáde ní 2010, kò rí òrùka tuntun tó ń rọ́pò wọn bí ẹyin ṣe ń dàgbà.

Ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ fa òwú náà. Rọ́bà méjì já, òwú fọ́n ká kí n tó mú àlùmọ́gàjí. Mo ní bó bá rí báyìí, ẹyin lè gba kọkànlélógún méjì, àtọ̀ a mú ọ̀kan wá, ọmọ a ní kírómósóòmù 47 dípò 46.

“Ìgbà wo ni wọ́n fi tèmi sí i?”

“Kí wọ́n tó bí yín ni, ẹ̀gbọ́n mi. Inú oyún lẹ ṣì wà.”

Ó yíjú sí màmá wa. Màmá mú rọ́bà tó já nílẹ̀, wọ́n wò ó títí, wọ́n fọwọ́ kan ikùn wọn.

“Nínú mi níbí?”