Iṣẹ́ àtilé tí kò lọ: ẹ wo sọ́kẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó bú ara yín

Ìbàdàn ni mo ń gbé. Ìwé owó ni mo ń bá àwọn iléeṣẹ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà tò, inú yàrá mi ni mo sì ti ń ṣe é. Àwọn tó mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí mo ti wà nídìí ẹ̀ máa ń kó ẹjọ́ wá bá mi, ẹjọ́ kan náà ṣáá sì ni: "Mi ò lè jókòó ti iṣẹ́ mọ́, ó dà bíi pé mo ti ya ọ̀lẹ." Tí n bá wá bi wọ́n pé orí kí ni wọ́n ń jókòó sí, irú iná wo ni wọ́n ń lò, ta ló wà nílé pẹ̀lú wọn, ọ̀rọ̀ á yí padà. Ọ̀pọ̀ ohun tẹ́ ẹ̀ ń pè ní ọ̀lẹ, àga ni, iná ni, àbí màmá yín ni. Mo ti sọ ọ́ títí ẹnu ń ro mí, ẹ gba ìdáhùn ní kíkọ.

Ẹ̀yìn ń dùn mí, ọrùn ń ro mí.

Ṣé orí bẹ́ẹ̀dì lẹ ti ń ṣiṣẹ́? Ẹ dìde níbẹ̀.

Tó bá jẹ́ orí tábìlì ni, ẹ to ìwé sábẹ́ laptop títí òkè ojú rẹ̀ á fi bá ojú yín dọ́gba, kẹ́ ẹ wá ra kíbọ́ọ̀dù ọ̀tọ̀. Àga onírọ́bà ò burú tí ìrọ̀rí bá wà lẹ́yìn yín tí ẹsẹ̀ yín sì tẹlẹ̀. Àmọ́ bí ìrora bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀, tàbí tí ọwọ́ ń kú tipiri, ilé ìwòsàn ni, ẹ má lọ síbi tí wọ́n ti máa fa ọrùn yín kó dún kọ́!

Ojú ń ta mí.

Tẹ́ ẹ bá ti wo laptop fún 20 ìṣẹ́jú, ẹ wo nǹkan tó jìnnà sí yín tó ẹsẹ̀ bàtà 20 fún ìṣẹ́jú àáyá 20. Ẹ máa ṣẹ́jú, ẹni tó ń tẹjú mọ́ laptop kì í ṣẹ́jú tó. Ẹ yí fáànù tó ń fẹ́ sí yín lójú. Ẹ má sì ra awò lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri.

Mo máa ń pàdánù ìpàdé. Oṣù tó kọjá aago mẹ́ta ni, wọ́n ní ó ti di aago méjì báyìí.

Aago tiwa kì í yí. Tiwọn ló ń yí. Lọ́jọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù kẹta, Lọ́ńdọ̀nù á sún aago síwájú, tiwọn àti tiwa á wá bára dọ́gba. Lọ́jọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá, wọ́n á dá a padà, a ó sì fi wákàtí kan ṣíwájú wọn. Ọjọ́ Àìkú kejì oṣù kẹta ni Amẹ́ríkà ń yí tiwọn, wọ́n á dá a padà lọ́jọ́ Àìkú àkọ́kọ́ oṣù kọkànlá. Nígbà òjò wa níbí, wákàtí márùn-ún la fi ṣíwájú New York. Nígbà ọyẹ́, mẹ́fà. Ẹ fi orúkọ ìlú wọn sínú kàlẹ́ńdà fóònù yín kó máa bá yín ṣírò ẹ̀. Ẹ má fi orí ṣe é.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já láàárín ìpàdé.

Ẹ pa kámẹ́rà. Ẹ gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ tó ń wo fídíò nílé. Ẹ ní síìmù méjì, kó má jẹ́ ti iléeṣẹ́ kan náà: nígbà tí àwọn wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun já lẹ́bàá Côte d'Ivoire lọ́jọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, kì í ṣe gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló kú bákan náà, ẹni tó ní méjì rí ibi sá sí.

Tó bá ti di ọ̀sán, orí á máa fọ́ mi, oorun á máa gbé mi lọ, inú á tún máa rú.

Níbo ni jẹnẹrétọ̀ wà?

Mi ò fi èyí ṣeré o. Tó bá wà ní ẹ̀yìn fèrèsé yín, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tàbí ní kíṣìnì tẹ́ ẹ ṣílẹ̀kùn sílẹ̀, éèfín carbon monoxide lẹ̀ ń fà símú. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń pa odidi ìdílé lójú oorun. Ẹ pa á, ẹ jáde síta gbogbo yín, kẹ́ ẹ lọ rí dókítà lónìí. Ìta gbangba ni jẹnẹrétọ̀ ń gbé, jìnnà sí fèrèsé, títí kan fèrèsé aládùúgbò. Tí kò bá sí jẹnẹrétọ̀ kankan nítòsí, ẹ mu omi, ẹ jẹun láàárọ̀, kẹ́ ẹ sì yéé fi òru wo fíìmù.

Àwọn ará ilé ò gbà pé iṣẹ́ ni mò ń ṣe.

Wọn ò ṣẹ̀ yín. Lójú wọn, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ máa ń wọ bàtà jáde láàárọ̀ ni. Ìwọ jókòó síwájú laptop, ẹ̀wà wà lórí iná, ta ni kí wọ́n ní kó bá wọn wò ó?

Ẹ má bá màmá yín jiyàn, ẹ ò ní borí. Ẹ lọ kúnlẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ dọ̀bálẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́ tí ara wọn balẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, láti aago mẹ́sàn-án sí aago kan, ẹ ṣe bíi pé mi ò sí nílé. Tó bá ti di aago kan, ẹ rán mi níbi tó bá wù yín." Kẹ́ ẹ sì jáde sí wọn ní aago kan lóòótọ́. Ẹ wẹ̀, ẹ wọṣọ, aṣọ àwọ̀sùn kì í bá èèyàn jẹ́rìí. Èyí tó ṣiṣẹ́ jù tí mo tíì rí rèé: lọ́jọ́ tí owó oṣù bá wọlé, ẹ fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn, kẹ́ ẹ sọ pé iṣẹ́ inú yàrá yẹn ló mú un wá. Láti ọjọ́ náà, àwọn fúnra wọn lá máa lé ọmọdé kúrò lẹ́nu ọ̀nà yín.

Iná ìjọba ń wà dáadáa ládùúgbò wa, àmọ́ bí wọ́n bá ti mú un lọ báyìí, inverter mi kì í pé wákàtí méjì tó fi ń ké. Ọ̀gá mi ti ń rò pé mò ń tan òun.

Háà. Èyí fojú mi rí màbo.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ná. Bátìrì olómi 220Ah kan, fóòtì 12, ń gbé wọ́ọ̀tì 2,640 fún wákàtí kan. Ìdajì ẹ̀ lẹ máa lò tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó pẹ́. Laptop ń jẹ bíi wọ́ọ̀tì 60, fáànù 60, router àti gílóòbù kan 20: ó di 140. Tẹ́ ẹ bá yọ èyí tí inverter fúnra ẹ̀ ń jẹ, ó yẹ kó gbé yín tó wákàtí mẹ́jọ, ọjọ́ iṣẹ́ kan gbáko. Tó bá wá jẹ́ wákàtí méjì, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹnì kan ti ki áyọ́ọ̀nù tàbí fíríìjì bọ ojú iná inverter. Ẹ wo omi bátìrì. Ẹ wo orí ẹ̀ bóyá ó ti hu funfun. Gbogbo èyí dáa ní tèmi.

Oníná tó gbé e fún mi ní bátìrì ti lọ, kí n ra òmíràn. Pẹ̀lú iye tí wọ́n ń tà á báyìí! Mo ní kó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ kó gbaná mọ́jú níbẹ̀. Ó gbé e dé, ó gbé mi láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ìgbà tó tún wá gbaná nílé mi, a tún padà sí wákàtí méjì. Ó ní a jẹ́ pé inverter ló bàjẹ́. A gbé ìyẹn náà lọ, kò sí nǹkan tó ṣe é. Bí ẹrù méjì bá yá gágá ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n wá ń ṣàìsàn nílé mi, ilé ló yẹ kí n yẹ̀ wò.

Kò sì sẹ́ni tó fura sí iná, torí Band A la wà, àwọn tí wọ́n gbé yúníìtì wọn láti nǹkan bíi náírà 68 lọ sí 225 lóṣù kẹrin ọdún 2024, tí wọ́n ní wọ́n á máa rí iná wákàtí 20 lójúmọ́. Iná náà ń wà lóòótọ́.

Fáànù ló tú àṣírí. Mo gbójú sókè lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo rí i pé mo lè ka apá ẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bó ṣe ń yí. Bẹ́ẹ̀ gílóòbù mọ́lẹ̀ kedere, laptop sì ń gbaná. Ẹ yí ṣájà laptop yín sẹ́yìn, ẹ ka ohun tó wà níbẹ̀: 100-240V. Ó ń fara da iná tó kéré, gílóòbù LED náà ń fara dà á. Fáànù ò lè fara dà á, ṣájà tó wà nínú inverter onítíránsífọ́mà náà ò lè ṣe é. Iná á máa tàn lójú ẹ̀ pé òun ń gbaná, díẹ̀ kíún ló sì ń wọ bátìrì.

Mo yá mítà ìwọná lọ́wọ́ oníná, mo kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó yẹ kó jẹ́ fóòtì 230. Mo rí 153. Lálẹ́, 141. Lẹ́yìn ọ̀gànjọ́ tí gbogbo ayé ti sùn, 214. Ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, 155. Ilé tó dojú kọ wá, 221! Hááfù kọ́rẹ́ǹtì la ti ń lò.

Féèsì mẹ́ta, ìyẹn wáyà mẹ́ta tó ń gbé iná wá sílé, ló wà lórí òpó, ọ̀kan nínú wọn ni ilé kọ̀ọ̀kan sábà máa ń lò. Bí ọ̀kan bá kú, olúkúlùkù á pe oníná kó yí òun sí èyí tó ń ṣiṣẹ́. Bí èyí tó kú bá jí, wọn kì í padà. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo fíríìjì, ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga àti ẹ̀rọ àwọn wẹ́dà àdúgbò ṣe rọ́ jọ sórí féèsì kan.

Mo kọ nọ́ńbà yẹn àti aago wọn sórí ìwé, mo gbé e lọ sí ọ́fíìsì iléeṣẹ́ iná. Ẹni tó wà níbẹ̀ bi mí pé, "Ṣé iná yín ń wà àbí kò sí?" Mo ní ó ń wà. Ó ní kí ló wá dé. Ìwé yẹn ni mo tẹ́ síwájú ẹ̀, mo fọwọ́ sí 141. Wọ́n wá pẹ̀lú àkàsọ̀, wọ́n yí ilé mélòó kan sórí féèsì mìíràn, tiwa wà nínú ẹ̀. Láti ìgbà yẹn, bátìrì tí wọ́n ní ó ti kú ló ṣì ń gbé mi.

Kẹ́ ẹ tó rí wọn, òru ni kẹ́ ẹ máa fi gbaná. Stabilizer, ẹ̀rọ tó ń gbé iná tó kéré sókè, lè ràn yín lọ́wọ́. Tó bá jẹ́ UPS, ipò tí kì í gba iná tí kò bá péye, lẹ yí bọ́tìnì ẹ̀yìn inverter sí, ohun tẹ́ ẹ máa rí yàtọ̀: á kọ iná tó kéré náà, á máa jẹ bátìrì nígbà tí iná wà. Wíwọn iná, ẹ lè fara balẹ̀ ṣe é tẹ́ ẹ bá mọ mítà lò. Òpó, ẹ má sún mọ́ ọn, oníná àdúgbò náà ò gbọdọ̀ gùn ún. Bí gílóòbù yàrá kan bá ń tàn ju bó ṣe yẹ lọ tí ti yàrá kejì sì ń ṣú, ẹ pa iná gbogbo ilé kíá, níútírà, wáyà tí iná ń gbà padà, ló ti já nìyẹn.

Àga dáa, iná dáa, wọn ò rán mi níṣẹ́. Síbẹ̀ ara mi ò gbé e. Mi ò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀, oorun ò kùn mí.

Ẹ máa jáde lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, kì í ṣe torí àtirajà. Ẹ wá ẹni tẹ́ ẹ jọ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, kẹ́ ẹ máa jókòó ṣe é pọ̀ lọ́jọ́ kan lọ́sẹ̀. Tó bá wá ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí oúnjẹ ò wù yín, tí oorun ò wá, tí ohun tó máa ń dùn mọ́ yín ò dùn mọ́, èyí kọjá èmi, ó kọjá àdúrà nìkan pẹ̀lú. Dókítà ni. Tó bá tiẹ̀ ti ń ṣe yín bíi kẹ́ ẹ má sí láyé mọ́, ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ pe ẹnì kan nísinsìnyí kó mú yín lọ.

Ẹ má sì jẹ́ kí orúkọ Aro, ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà l'Ábẹ́òkúta, bà yín lẹ́rù. Níbẹ̀ ni Dókítà Adéoyè Lámbò ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1954 pé kí aláìsàn máa gbé láàárín àwọn ará abúlé, kí wọ́n máa wá gba ìtọ́jú kí wọ́n sì padà sáàárín èèyàn. UCH, ilé ìwòsàn ńlá tó wà n'Íbàdàn níbí, náà ní àwọn dókítà tó ń tọ́jú irú ẹ̀. Ilé ìwòsàn ìjọba tó sún mọ́ yín lè kọ ìwé tẹ́ ẹ máa mú lọ bá wọn.