Bí Ibà Bá Mú Ẹni Tó Ní Kókó Pituitary

Pituitary kò ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ. Abẹ́ ọpọlọ ló wà, lókè ẹ̀yìn imú, òun ló sì ń pàṣẹ pé kí cortisol, èròjà tí ara fi ń kojú àìsàn, jáde sínú ẹ̀jẹ̀. Tí fáírọ́ọ̀sì bá kọlu ẹni tí ara rẹ̀ pé, cortisol á pọ̀ sí i fúnra rẹ̀. Ẹni tí kókó ti ba pituitary rẹ̀ jẹ́, tàbí tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún níbẹ̀, lè má ní ju hydrocortisone lọ, ìyẹn oògùn tó ń gbé mì dípò cortisol. Kòrónà tàbí ọ̀fìnkìn líle lè dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ wó láàárín ọjọ́ kan: èébì, òòyì, kó dákú.

Torí náà, ẹ má dúró de èsì àyẹ̀wò. Ara gbóná dé 38, ẹ sọ oògùn di ìlọ́po méjì; ó kọjá 39, ìlọ́po mẹ́ta. Ẹni tó ń lo 10 mg láàárọ̀, 5 mg lọ́sàn-án àti 5 mg nírọ̀lẹ́ á lo 20, 10 àti 10. Tó bá jọ Kòrónà, 20 mg ni ní wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà, tọ̀sán-tòru. Ẹ fi àláàmù sórí fóònù fún ti òru. Kí dókítà yín ti kọ iye tiyín sílẹ̀ kí àìsàn tó dé. Ní Èkó, ibà díẹ̀, malaria ni gbogbo èèyàn ń pè é. Kódà kó jẹ́ malaria lóòótọ́, ẹ fi kún hydrocortisone náà.

Tó bá bì láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó lo oògùn, kó tún un lò. Tó bá tún bì í, oògùn ẹnu ò ṣiṣẹ́ mọ́, abẹ́rẹ́ hydrocortisone 100 mg ló kù. Ìyẹ̀fun ló wà nínú ìgò kékeré náà. Ẹ fa omi abẹ́rẹ́ 2 ml, ẹ tú u sínú rẹ̀, ẹ rọra yí ìgò náà títí á fi mọ́ gaara, ẹ fa gbogbo rẹ̀, kí ẹ gún un sínú ẹran àárín itan, lápá ìta, kì í ṣe sínú iṣan ẹ̀jẹ̀. Tí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ gún un. Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo kì í pa ẹni tí kò nílò rẹ̀ lára, àìgún rẹ̀ ló ń pani.

Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ni kí ẹ wá mọ́tò, tàbí kí ẹ pe 112. Go-slow orí Third Mainland kò mọ aláìsàn, ì báà jẹ́ ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà lẹ ń lọ tàbí LASUTH ní Ìkẹjà. Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà pé ara rẹ̀ kì í pèsè cortisol: 200 mg ló kàn láàárín wákàtí 24, pẹ̀lú dírípù omi iyọ̀, kí wọ́n sì yẹ ṣúgà àti sodium (iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀) wò.

Ẹni tó ń lo desmopressin, oògùn tó ń dín ìtọ̀ kù, kó má mu omi kọjá ibi tí òùngbẹ gbẹ ẹ́ dé, nítorí omi àpọ̀jù á fa sodium rẹ̀ wálẹ̀, orí á máa fọ́ ọ, á máa sọ ìsọkúsọ.

Ní ti iṣẹ́ abẹ fún ẹni tí fáírọ́ọ̀sì ṣì wà lára rẹ̀, ihò imú ni wọ́n sábà ń gbà dé pituitary, ibẹ̀ náà sì ni fáírọ́ọ̀sì pọ̀ sí. Tí wọ́n bá ń fi ẹ̀rọ lu eegun ibẹ̀, á fọ́n sára gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá. Tí kókó ò bá tíì fọwọ́ kan ojú, ẹ jẹ́ kí wọ́n sún un síwájú títí ara á fi yá. Ṣùgbọ́n tí orí bá ṣàdédé fọ́ kíkankíkan, tí ojú ń ṣú, tí ẹyọ kan ń di méjì lójú rẹ̀ tàbí tí ìpéǹpéjú kan wó, ẹ̀jẹ̀ lè ti ya sínú kókó. Ìyẹn ò ṣeé sún. Hydrocortisone 100 mg ni kí wọ́n kọ́kọ́ fún un, kí wọ́n ya àwòrán orí rẹ̀, tí ojú bá sì ń lọ, kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, pẹ̀lú ìbòjú N95 lẹ́nu gbogbo wọn.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, kó má fun imú fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Tó bá fẹ́ sín, kó la ẹnu. Tó bá tẹrí síwájú, tí omi mímọ́ gaara ń kán, tó ń ṣe bí iyọ̀ lẹ́nu, kì í ṣe ọ̀fìnkìn, omi ọpọlọ ni. Ẹ gba díẹ̀ sínú ìgò mímọ́, kí ẹ gbé e lọ bá dókítà lọ́jọ́ náà gan-an.