Ẹ yé ra ẹ̀rọ tí kò sẹ́ni tó máa ka èsì rẹ̀

Ó ti pẹ́ tí mo ti wà nídìí ètò ìdènà jẹjẹrẹ, kòtò kan náà sì ni àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ń jìn sí. Ó ń bí mi nínú, torí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ pé nínú jẹjẹrẹ 100, 30 sí 50 ló ṣeé dènà.

1. Fífi pósítà dípò owó orí lórí sìgá. Ẹni tó ń mu sìgá ti mọ̀ pé sìgá ń pani. Ẹ jẹ́ kó wọ́n. Bí iye owó rẹ̀ bá fi 10 nínú 100 lé sí i, mímu rẹ̀ a máa fi bíi 4 sí 5 nínú 100 dín kù.

2. Jíjẹ́ kí wákàtí 24 kọjá lẹ́yìn ìbí kí ìkókó tó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára hẹpataítíìsì B, àìsàn ẹ̀dọ̀ tó lè di jẹjẹrẹ. Taiwan bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ yìí lọ́dún 1984, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ sì dín kù gan-an lára àwọn ọmọ ibẹ̀.

3. Ríra ẹ̀rọ àyẹ̀wò ṣáájú ohun gbogbo. Mo wọ ilé àyẹ̀wò kan, mo bá páálí mẹ́ta lábẹ́ tábìlì, gíláàsì pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ohun tí wọ́n gbà lẹ́nu ilé-ọmọ àwọn obìnrin sí fún àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ló kún inú wọn. Mo nu eruku ara ọ̀kan. Orúkọ obìnrin kan wà létí rẹ̀, pẹ́ńsùlù ni wọ́n fi kọ ọ́, ọjọ́ tó wà níbẹ̀ sì ti lé ní oṣù méje. Kò sẹ́ni tó kà á. Owó ẹ̀rọ wà, owó ayẹyẹ ìṣíde wà, owó ẹni tó máa jókòó ka gíláàsì ni kò sí. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ní, “Ọ̀gá, wọ́n ń padà wá béèrè. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ fún wọn mọ́.” Èmi náà wà lára àwọn tó buwọ́ lu ètò yẹn.

Lọ́dún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé òdiwọ̀n mẹ́ta kalẹ̀ lórí jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ fún ọdún 2030: kí 90 nínú 100 ọmọbìnrin gba abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV, kòkòrò àìsàn tó ń fa jẹjẹrẹ yìí, kí wọ́n tó pé ọdún 15, kí 70 nínú 100 obìnrin ṣe àyẹ̀wò tó péye kí wọ́n tó pé 35, kí wọ́n tún un ṣe kí wọ́n tó pé 45, kí 90 nínú 100 àwọn tí a bá rí àìsàn lára wọn gba ìtọ́jú. Ti àárín nìkan ni wọ́n sábà máa ń mú, torí òun ló ní ẹ̀rọ tí wọ́n lè yà ní fọ́tò. Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ kọ orúkọ ẹni tó máa ka èsì sílẹ̀, ẹni tó máa pe obìnrin náà, àti ilé ìwòsàn tó máa gbà á.

Asbestos, ohun ìkọ́lé tí eruku rẹ̀ ń fa jẹjẹrẹ, òfin ni kí ẹ fi dè é. Ẹ má dá àwọn èèyàn lẹ́kọ̀ọ́ bí wọ́n ṣe máa rọra lò ó.

Ẹ má sì sá bí ariwo bá ta. Ní oṣù kẹfà ọdún 2013, nígbà tí ìbẹ̀rù gbòde pé abẹ́rẹ́ HPV ń ṣe àwọn ọmọ ní jàǹbá, ìjọba Japan ò gba àwọn ọmọbìnrin níyànjú mọ́ láti gba abẹ́rẹ́ HPV. Láti bíi 70 nínú 100, àwọn tó ń gbà á wálẹ̀ débi tí wọn ò pé 1. Oṣù kẹrin ọdún 2022 ni ìjọba tó padà sẹ́nu ẹ̀. Àwọn tó jẹ́ ọmọdé nígbà náà ti di àgbà, ìjọba sì ní láti tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá wọn kiri.