Bí a ṣe lè mọ̀ bóyá pọ́ǹpù epo ló ń pa ọkọ̀ wa, àti bí a ṣe lè béèrè àtúnṣe ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é

Ọkọ̀ tí agbára pọ́ǹpù epo rẹ̀ ti ń dín kù kì í sábà tú àṣírí ara rẹ̀ láàárín ìgboro Iléṣà. Ìgbà tí ẹ bá kọjú sí Àkúrẹ́, tí ẹ dé àgbègbè Èrìn-Òkè àti Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà tí ọ̀nà ti ń gòkè, ni ẹ óò rí i pé ẹ tẹ iná ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò fà, ó ń gbọ̀n, ó sì lè kú pátápátá lórí ìrìn. Bí ó bá tutù díẹ̀, ó tún lè ṣíná bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì fi máa ń kọ́kọ́ pààrọ̀ plọ́ọ̀gì, tí wọ́n á tún fọ nọ́sù, tí owó á sì ti lọ kí ẹnikẹ́ni tó rántí pọ́ǹpù. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ kọ́kọ́ yẹ nọ́ńbà ṣásì ọkọ̀ yín wò, nítorí ó ṣeé ṣe kí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà ti jẹ́wọ́ àléébù yìí tipẹ́, kí ó sì ti ṣèlérí àtúnṣe ọ̀fẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní rìkọ́ọ̀lù.

Ní oṣù kìíní ọdún 2020, Toyota pe nǹkan bí ọkọ̀ 700,000 padà ní Amẹ́ríkà nítorí pọ́ǹpù epo tí ilé-iṣẹ́ Denso ṣe. Kí ọdún náà tó parí, iye náà ti di mílíọ̀nù 5.84 káàkiri àgbáyé, Camry, Corolla, Highlander àti oríṣiríṣi Lexus sì wà nínú rẹ̀. Honda náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 2023 fún ọkọ̀ tó lé ní mílíọ̀nù 2.5 ní Amẹ́ríkà. Abẹ́bẹ̀ kékeré kan tí wọ́n fi ike ṣe ló ń yí nínú pọ́ǹpù wọ̀nyí láti ti epo lọ sí ẹ́ńjìnnì. Ike tí wọ́n fi ṣe àwọn kan kò ki tó, nítorí náà epo ń wọ inú rẹ̀, ó ń wú, ó sì ń ha ara pọ́ǹpù títí tí kò fi ní lè yí mọ́. Kò sí oògùn tí a lè dà sínú táǹkì tí yóò wo èyí sàn. Pípààrọ̀ nìkan ló kù. Ẹ sì kíyè sí i pé irú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí gan-an ni wọ́n ń kó wọlé fún wa gẹ́gẹ́ bí tòkunbọ̀.

Láti dán pọ́ǹpù wò, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ dé ibi tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù ti tàn, ẹ má ṣe ṣíná, kí ẹnìkan sì dẹ etí sí ìsàlẹ̀ ìjókòó ẹ̀yìn. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ó yẹ kí ó gbọ́ ìró tí ń kùn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá méjì, ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí pọ́ǹpù wọn kì í kùn àyàfi tí a bá ń ṣíná. Bí kò bá sí ìró rárá, ẹ má tíì dá pọ́ǹpù lẹ́bi. Ẹ wo fíùsì rẹ̀, kí ẹ sì fi rílé mìíràn tó bá a dọ́gba nínú àpótí kan náà pààrọ̀ rílé pọ́ǹpù, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń tan iná sí i. Bí ìró bá wà, ìyẹn nìkan kò fi hàn pé ara rẹ̀ le, nítorí pọ́ǹpù tí kò lágbára mọ́ ṣì lè máa kùn. Géèjì tí wọ́n fi ń wọn agbára epo ló lè sọ òótọ́: nínú ọ̀pọ̀ Toyota tí kì í ṣe oní-dàírẹ́ẹ̀tì (èyí tó ń fọ́n epo tààrà sínú sílíńdà), 44 sí 50 psi ni ó yẹ kí ó wà. Bí skáánà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ka àṣìṣe ọkọ̀, bá gbé kóòdù P0087 jáde, agbára epo ti lọ sílẹ̀ jù nìyẹn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí mẹkáníìkì tú ọ̀pá epo nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì gbóná, bẹ́ẹ̀ ni kí iná tàbí sìgá má ṣe sún mọ́ ibẹ̀.

Epo fúnra rẹ̀ náà lè jẹ̀bi. A kò tíì gbàgbé oṣù kejì ọdún 2022, nígbà tí epo tí methanol pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ orílẹ̀-èdè yìí, tí ọkọ̀ sì ń bàjẹ́ kiri. Ẹ fa díẹ̀ sínú ìgò tó mọ́ gaara, kí ẹ jẹ́ kí ó fara balẹ̀. Bí omi bá wà níbẹ̀, yóò wálẹ̀ sí ìdí ìgò.

Nọ́ńbà ṣásì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì iwájú, ní ọwọ́ awakọ̀, ó sì tún wà lára férémù ilẹ̀kùn. Ó jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 17. I, O àti Q kì í sí nínú rẹ̀, nítorí náà òdo ni ohun tó bá jọ O. Nínú ọkọ̀ Amẹ́ríkà, ìkẹwàá ń sọ ọdún ọkọ̀: H ni 2017, J ni 2018, K ni 2019, L sì ni 2020. Ẹ tẹ gbogbo rẹ̀ sí nhtsa.gov/recalls, ojú-ìwé àjọ NHTSA tó ń ṣe àbójútó ààbò ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, ọ̀fẹ́ sì ni. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà ni ojú-ìwé náà wà fún. Bí tiyín bá ti Yúróòpù tàbí Dubai wá, ojú-ìwé ilé-iṣẹ́ náà ní ibẹ̀ ni kí ẹ lọ. Ohun tí ilé-iṣẹ́ tó ní àṣẹ bá ṣe nìkan ló ń hàn níbẹ̀: mẹkáníìkì ìta lè ti pààrọ̀ pọ́ǹpù yín, kí rìkọ́ọ̀lù sì ṣì wà ní ṣíṣí.

Nígbà tí ẹ bá wá mú èsì yìí lọ bá aṣojú ilé-iṣẹ́ náà ní Èkó, ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n lè sọ pé àwọn kọ́ ni wọ́n tà á fún yín, tàbí pé pọ́ǹpù kò tíì dé. Òfin Amẹ́ríkà ní kí wọ́n ṣe àtúnṣe náà lọ́fẹ̀ẹ́ bí ọkọ̀ kò bá tíì ju ọdún 15 lọ láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́kọ́ tà á nígbà tí wọ́n kéde rìkọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n òfin náà kò dé ọ̀dọ̀ wa. Èyí tó dé ọ̀dọ̀ wa ni òfin ọdún 2018 tí FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Nàìjíríà, ń lò, tó pàṣẹ fún ẹni tó ṣe ọjà tàbí tó kó o wọlé pé bí ó bá rí ewu nínú rẹ̀, kí ó kéde rẹ̀, kí ó sì kó o kúrò lọ́jà. Nítorí náà, ẹ má ṣe bá wọn fi ẹnu lásán sọ ọ́. Ẹ kọ lẹ́tà, ẹ fi nọ́ńbà ṣásì, nọ́ńbà rìkọ́ọ̀lù àti ẹ̀dà ìwé ọkọ̀ sí i, kí ẹ sì béèrè èsì lórí ìwé. Ẹ fi irú lẹ́tà kan náà ránṣẹ́ sí olú ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀, kí ẹ sì kọ̀wé sí FCCPC bí wọn kò bá dáhùn. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń lóṣòó de gbèsè.

Kí n má tàn yín, kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni yóò rí i gbà. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń gbé èrò láti Iléṣà lọ sí Ifẹ̀ lójoojúmọ́ kò lè dúró de lẹ́tà. Bí ẹ bá fẹ́ rà á fúnra yín, ẹ ṣọ́ra fún Belgium, ìyẹn àlòkù tí wọ́n kó wọlé láti òkèèrè: pọ́ǹpù tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ irú tiyín, ọdún kan náà, lè jẹ́ ọ̀kan lára èyí tí wọ́n ń pè padà. Tuntun ni kí ẹ rà, kí nọ́ńbà ara rẹ̀ jẹ́ èyí tí ilé-iṣẹ́ fi rọ́pò ti àtijọ́, kí ẹ sì tọ́jú rìsíìtì.

Ní gbogbo àsìkò tí ẹ bá ń dúró, ẹ má ṣe jẹ́ kí epo lọ sílẹ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́rin táǹkì lọ. Mo mọ̀ pé láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo, díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ń rà á, ṣùgbọ́n epo tó yí pọ́ǹpù ká ló ń mú un tutù. Bí ọkọ̀ bá kú lórí ìrìn, stíárì yóò le, agbára tó ń ran bùréèkì lọ́wọ́ kò sì ní pẹ́ tán, nítorí náà ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pẹ̀lú agbára, ẹ má ṣe máa tẹ̀ ẹ́ léraléra. Ẹ rọra yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ẹ tan iná ìkìlọ̀, kí ẹ sì gbé C-caution sẹ́yìn dáadáa.

Bí aṣojú bá wá gbà láti ṣe é, ẹ sọ pé kí wọ́n kọ nọ́ńbà rìkọ́ọ̀lù àti nọ́ńbà pọ́ǹpù tuntun sórí ìwé iṣẹ́ wọn, kí wọ́n sì fi èyí tí wọ́n yọ hàn yín kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹ tún tẹ nọ́ńbà ṣásì sí ojú-ìwé náà. Bí rìkọ́ọ̀lù bá ṣì wà ní ṣíṣí, ẹ mú ìwé iṣẹ́ náà padà lọ bá wọn.