Bí mo ṣe wọ inú ìwádìí oògùn ẹsẹ̀ tó ń jóni bí iná: ìrírí mi

Télọ̀ ni mí ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, ẹsẹ̀ ni mo sì fi ń jẹun, torí máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ ni mò ń wà. Ó ti pé ọdún 11 tí wọ́n ti sọ fún mi pé mo ní àtọ̀gbẹ. Ọdún kẹjọ ni ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lọ́sàn-án, ó kú tìpì bí igi. Bó bá di òru, á máa ta mí bíi pé wọ́n fi ata rodo pa á. Lọ́jọ́ kan, ọmọ mi obìnrin ń bá mi nu ẹsẹ̀, ó pariwo: "Màámi, abẹ́rẹ́ ló wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ yín!" Abẹ́rẹ́ máṣíìnì tó ti kán ni, ó ti wọlé dé ìdajì. N kò mọ ìgbà tó wọlé.

Nọ́ọ̀sì kan ní kílíníìkì tí mò ń lọ ló pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Màmá, àwọn dókítà kan ń wá àwọn tí ṣúgà ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ wọn máa jó. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá oògùn kan á ràn wọ́n lọ́wọ́. Ẹ ò ní san kọ́bọ̀." Ohun tó kọ́kọ́ bọ́ sí mi lẹ́nu ni pé, "Ṣé èmi lẹ wá fẹ́ fi dánra wò?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n mú ìwé lọ sílé kà, kí n má tíì fọwọ́ sí nǹkan kan.

Ojú ewé 14 ni, lédè Yorùbá, òru méjì ni mo sì fi kà á. Mo fi bírò fàlà sábẹ́ ohun mẹ́ta. Wọ́n ní àwọn kan nínú wa á gba oògùn, àwọn yòókù á gba kóró tó jọ ọ́ láwọ̀ àti ní ìwọ̀n, ṣùgbọ́n tí kò ní oògùn kankan nínú; dókítà fúnra rẹ̀ ò ní mọ èyí tó kan ta ni. Wọ́n ní mo lè jáde lọ́jọ́ tó bá wù mí, ìtọ́jú tí mò ń gbà tẹ́lẹ̀ ò sì ní dúró torí ẹ̀. Wọ́n ní NAFDAC ti fọwọ́ sí i, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ àwọn tí wọ́n ń fi ṣèwádìí náà sì ti fọwọ́ sí i, nọ́ńbà fóònù ìgbìmọ̀ ọ̀hún sì wà níbẹ̀. Mo pe nọ́ńbà yẹn. Ẹ má rín mi o. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnì kan á gbé e, torí n kì í fọwọ́ síwèé tí n kò bá mọ ibi tí mo ti lè lọ fẹjọ́ sùn. Obìnrin kan gbé e, ó sì fi sùúrù dá mi lóhùn.

Bàbá Tóyìn ló fárígá. "Kí wọ́n fún èèyàn ní ìyẹ̀fun lásán, kí wọ́n ní oògùn ni?" Dókítà ṣàlàyé fún un pé ìrora máa ń gbọ́ ti ọkàn, bí gbogbo wa bá gba oògùn, tí a sì ní ara ń tù wá, ta ló máa mọ̀ bóyá oògùn ló ṣe é tàbí ìrètí? Èmi gbà. Ọkọ mi ò tíì gbà títí dòní.

Ọjọ́ àyẹ̀wò àkọ́kọ́, wọ́n ní kí n má jẹun wá, kí n dé ní aago 7. Aago 11 kọjá kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ mi. Ibẹ̀ ni mo ti bínú. Alátọ̀gbẹ lẹ fi ebi dè mọ́ bẹ́ǹṣì! Ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n, òógùn ti bò mí. Bí ẹ bá fẹ́ lọ irú ẹ̀, ẹ tọ́jú búrẹ́dì àti ṣúgà sínú báàgì, kí ẹ sì pariwo bí ara bá yí padà. Nínú ẹ̀jẹ̀ náà ni wọ́n ti wo bí ṣúgà mi ṣe rí láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Àwa Èkìtì ò lè fi ọjọ́ méjì tí a sá fún uyán tan àyẹ̀wò yẹn jẹ.

Ìgbà tó kan ẹsẹ̀ ni mo rí nǹkan. Dókítà mú òwú náílọ́ọ̀nù kan jáde tí wọ́n dè mọ́ igi kékeré. Mo mọ òwú. Irú èyí tí àwọn apẹja ń lò ni. Ó ní kí n dijú, kí n máa sọ "bẹ́ẹ̀ ni" nígbà tó bá kàn mí. Mo dijú, mo dúró, mo dúró. Mo ní, "Dókítà, ẹ bẹ̀rẹ̀ o." Ó ní, "Màmá, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo ti kàn yín." Mo lajú, mo rí òwú náà tó tẹ̀ kọrọdọ lórí àtàǹpàkò mi. Ó ní ìwọ̀n gíráàmù 10 ló máa ń mú un tẹ̀, ẹni tí iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀, èyí tó ń jẹ́ ká mọ nǹkan lára, bá yè gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Ó ní iṣan tó gùn jù lára ni ṣúgà sábà máa ń kọ́kọ́ bà jẹ́, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹsẹ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n bi mí bóyá mò ń mu àgbo. Irọ́ ti dé ẹnu mi, mo gbé e mì. Mo jẹ́wọ́ pé mò ń mu ti ìgò kan látọ̀dọ̀ alágbo ọjà. Wọ́n ò bú mi. Wọ́n ní kí n dáwọ́ ẹ̀ dúró, wọ́n sì yẹ kíndìnrín mi wò lẹ́ẹ̀kan sí i.

Wọ́n tún ní kí n dín Amitriptyline tí mò ń lò lálẹ́ kù díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tán. Oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún, àmọ́ ó ń bá ẹsẹ̀ jíjó jà. Àwọn òru tó tẹ̀ lé e, n kò ní gbàgbé wọn. Mo ń ti ẹsẹ̀ bọ omi tútù ní aago 2 òru, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ ti ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná láéláé, torí n kò ní mọ̀ bó bá bó mi.

Lásìkò yẹn náà ni ìwé máàkì bẹ̀rẹ̀. Lálaalẹ́, kí n kọ nọ́ńbà láti 0 dé 10: bí ìrora ọjọ́ náà ṣe tó. Ọ̀sẹ̀ kìíní, 10 ni mo kọ yípo. Nọ́ọ̀sì wò ó, ó ní, "Màmá, ṣé ọjọ́ tí ẹ rọbí Tóyìn ni gbogbo rẹ̀?" Ojú tì mí. Ìgbà yẹn ni mo wá mọ̀ pé ìrora ní ìwọ̀n bí aṣọ ṣe ní ìwọ̀n. Ìrọbí Tóyìn di 10. Èyí tí mo fi lè ránṣọ láì dìde di 4. Èyí tó mú mi ju bùláńkẹ́ẹ̀tì nù kúrò lẹ́sẹ̀ di 7. Lọ́jọ́ kan tí mo gbàgbé, mo fẹ́ dọ́gbọ́n kọ ọ́ lọ́jọ́ kejì, nọ́ọ̀sì ní òfìfo ni kí n fi í sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ 12 ni mo fi lo kóró náà. Òòyì kọ́ mi díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, mo sọ, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí mo dá ìgò padà, wọ́n ka èyí tó ṣẹ́kù níṣojú mi: ẹyọ kan lé. Mo rántí alẹ́ ìṣọ́ òru ṣọ́ọ̀ṣì.

7 ni mo wà nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Ní ìparí, 4 tàbí 5. Oògùn ni àbí ìyẹ̀fun? Ìgbà tí gbogbo wa bá parí ni wọ́n máa tú u. Bàbá Tóyìn ti ní ìyẹ̀fun ni. Mo ti dá ìwé wọn padà fún wọn, síbẹ̀ n kì í lè sùn kí n má fún ẹsẹ̀ ní máàkì. Alẹ́ àná, 4.